Ohun Tí Ẹ Bá Pàtẹ Ni Wọn Á Rà: Ìtọ́sọ́nà fún Ayàwòrán ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Bí ìnáwó bá ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ṣágámù, ìyá ìyàwó kì í kọ́kọ́ wá ayàwòrán lórí Google. Ẹni tó ṣe ìnáwó tirẹ̀ láìpẹ́ ló máa pè: "Ẹ dákun, ta ló ya fọ́tò yín lọ́jọ́ yẹn?" Ìdáhùn tí ẹni yẹn bá fún un ni orúkọ yín. Ó lè jẹ́, "Ọmọ náà mọṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ojú yín á rí nǹkan kó tó kó fọ́tò wá." Ó sì lè jẹ́, "Òun gan-an ni kí ẹ pè, ẹ má wulẹ̀ wá ẹlòmíràn." Lẹ́yìn ìpè yẹn ni wọ́n tó máa ṣí Instagram yín, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n gbọ́ àti ohun tí wọ́n rí bá ara wọn mu.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ní bẹ̀rẹ̀ láti orí lógò. A máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a ò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Ayàwòrán méjì lè ní irú kámẹ́rà kan náà, kí ọ̀kan máa gba ìlọ́po owó tí èkejì ń gbà. Ohun tó fà á ni ohun tí oníbàárà rí kó tó sanwó, àti bí wọ́n ṣe ṣe sí i láti ìkíni àkọ́kọ́ títí fọ́tò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ pinnu ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pè yín fún

Púpọ̀ nínú wa ló ń ya gbogbo nǹkan: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìsìnkú, pásípọ́ọ̀tù, ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ parí ìdánwò. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, owó oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe jẹun lè yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí ẹ fi ń polówó ara yín. J.D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán tó ní sítúdíò ní Kétu ní Èkó, ya oríṣiríṣi iṣẹ́ láyé rẹ̀. Ohun tí ayé mọ̀ ọ́n sí ni irun orí obìnrin, tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968, tí fọ́tò rẹ̀ sì tó bí ẹgbẹ̀rún kan kó tó kú ní 2014. Ẹni tó bá gbọ́ Ojeikere, irun ló máa wá sí i lọ́kàn.

Ẹ kó iṣẹ́ ọdún tó kọjá jáde. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín léèrè: èwo ló mówó gidi wọlé? Èwo ni mo ṣe tí kò sú mi? Èwo ni oníbàárà rẹ̀ ti rán ẹlòmíràn sí mi? Ibi tí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pàdé ni kí ẹ dúró sí.

Ọjà tó wà ní agbègbè wa kò kéré. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Ìjagun, àti ní Babcock ní Ìlíṣàn. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wà ní agbègbè ìkóríta Ṣágámù tí wọ́n ń fẹ́ fọ́tò òṣìṣẹ́ àti ti ọjà wọn. Àwọn ẹgbẹ́ Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, wà, tí wọ́n máa ń pèsè aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́ sílẹ̀ de Ojúde Ọba láti oṣù púpọ̀ ṣáájú. Owámbẹ̀ kì í sì í tán ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kò sí ẹni tó nílò kí n sọ ìyẹn fún un.

Èyí tí mo rò pé a ti gbàgbé jù ni àwòrán àgbà. Láyé ọjọ́un, bàbá tàbí ìyá á wọ aṣọ òkè, á jókòó sórí àga, á kọjú sí kámẹ́rà gangan, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, kò sì ní rẹ́rìn-ín. Fọ́tò yẹn ni wọ́n máa gbé kọ́ sí pálọ̀, òun náà ni wọ́n sì máa fi ṣe ìwé ìsìn nígbà tó bá yá. Lónìí, bí àgbà bá lọ, ẹ ó rí i tí àwọn ọmọ ń gé ojú rẹ̀ jáde látinú fọ́tò ìgbéyàwó ẹnìkan, tí èjìká ẹlòmíràn ṣì hàn ní ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n wá fẹ̀ ẹ́ títí tó fi di bàìbàì lára pátákó ìsìnkú. Ilé tí bàbá àádọ́rin ọdún bá wà ní Rẹ́mọ, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní Èkó àti ní òkè òkun, oníbàárà wà níbẹ̀. Ẹ má ṣáà fi ikú polówó. Ọjọ́ ìbí àti oyè ni kí ẹ fi wọlé sí wọn lára.

Nígbà tí ẹ bá ti yan tiyín, ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó sọ ohun tí ẹ ń yà, ẹni tí ẹ ń yà á fún, àti ibi tí ẹ ti ń yà á. Bí àpẹẹrẹ: "Mo ń ya àwòrán àgbà àti ti ẹbí nínú ilé yín, ní gbogbo Rẹ́mọ." Gbólóhùn yẹn ló máa wà lórí Instagram, lórí WhatsApp, lẹ́yìn káàdì, àti lẹ́nu yín nígbà tí ẹnìkan bá bi yín pé iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣa àwọn fọ́tò tí ẹ ó pàtẹ

Ibí ni iṣẹ́ wà jù, ibẹ̀ ni kí ẹ ti fara balẹ̀.

Ogún sí márùndínlọ́gbọ̀n fọ́tò tó. Ẹni tó pàtẹ igba fọ́tò ń bẹ oníbàárà pé kó bá òun ṣa èyí tó dáa. Oníbàárà ò mọ ìyẹn ṣe, èyí tó burú jù ló sì máa ń wà lójú rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ fọ gbogbo wọn ní kékeré, kí ẹ tẹ́ wọn sórí ẹní, kí ẹ wá máa yọ èyí tó bá jọ ara wọn kúrò. Bí fọ́tò méjì bá ń sọ ohun kan náà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ. Fọ́tò tó le jù ni kó ṣíwájú, èyí tó tẹ̀lé e lágbára ni kó kẹ́yìn, nítorí ìwọ̀nyẹn ni ojú máa ń gbé lọ. Ẹ pe ẹnìkan tí kì í ṣe ayàwòrán kó bá yín wò ó, nítorí àwa máa ń fẹ́ràn fọ́tò torí wàhálà tí a ṣe kó tó jáde, oníbàárà ò sì mọ̀ nípa wàhálà yẹn.

Yàtọ̀ sí àwọn àṣàyàn yìí, ẹ ní ìnáwó kan ṣoṣo lọ́tọ̀ tí ẹ ó fi hàn láti òwúrọ̀ dé alẹ́, bí ọgbọ̀n sí ogójì fọ́tò. Ẹnikẹ́ni lè rí fọ́tò kan tó dáa nínú ọjọ́ kan. Ohun tí ìyá ìyàwó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ lè gbé gbogbo ọjọ́: ìgbà tí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ìgbà tí wọ́n ka lẹ́tà, igbá ìyàwó, omijé bàbá, gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ dúdú, ìgbà tí òjò dé, àti ìgbà tí owó ń fò lórí ijó. Ẹni tó bá rí i pé ẹ gbé ọjọ́ ẹlòmíràn láìjá a, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Ẹ wo àwọ̀ ara àti àwọ̀ aṣọ kí ẹ tó gbé fọ́tò kankan síta. Iná aláwọ̀ àlùkò àti àwọ̀ ewé tí wọ́n ń tàn sí gbọ̀ngàn báyìí máa ń ba àwọ̀ ènìyàn jẹ́. Ẹ lo fíláàṣì, kí ẹ sì fi páálí aláwọ̀ eérú (grey card) ṣètò àwọ̀ kámẹ́rà ní ibi tí ẹ ti fẹ́ yà á, dípò kí ẹ fi í sílẹ̀ fún kámẹ́rà láti máa méfò. Ẹ má bó ènìyàn nínú kọ̀ǹpútà. Aláwọ̀ dúdú tó bá jáde ní pupa nínú fọ́tò mọ̀ pé òun kọ́ nìyẹn, kódà bí kò bá sọ ọ́. Bí ẹni náà bá ní ilà ojú, ẹ má pa á rẹ́ láìbéèrè. Ní ti aṣọ, àwọn ènìyàn wa mọ aṣọ òkè. Bí ẹtù bá di dúdú kirikiri, tí sányán di funfun, tí àlàárì di ọsàn, ẹni tó ra aṣọ náà ló máa kọ́kọ́ rí i.

Bí ẹ ò bá tíì ní irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ pàtẹ, ẹ ṣe é fúnra yín. Ẹ lọ bá ìyá àgbà kan ní àdúgbò, ẹ kí i dáadáa, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ ya á lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fi fíríìmù sí ọ̀kan fún un. Ẹ gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ kí ẹ tó gbé e síta. Fọ́tò mẹ́ta irú èyí lágbára ju kí ẹ lọ fa iṣẹ́ ẹlòmíràn láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìlú wa ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àṣírí ìyẹn ò fi ní tú.

Ọ̀rọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́: orò ìlú kì í ṣe ohun tí a fi ń wá oníbàárà. Agẹmọ ní Ìjẹ̀bú ní ohun tí obìnrin kì í wò. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà yín láyè láti yà á, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín kí ẹ tó gbé e sí ibi tí gbogbo ayé á ti rí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Orúkọ àti àmì

Ẹ yan orúkọ tí ìyá kan ní Ìkẹ́nnẹ́ lè pè lórí fóònù, tí ẹni tó ń gbọ́ ọ ní Ìpẹru sì lè kọ sílẹ̀ láìṣì í kọ. Orúkọ ẹni fúnra ẹni ò burú rárá. "Foto Ojeikere" ni Ojeikere kọ sí iwájú sítúdíò tirẹ̀. Orúkọ yìí kan náà ni kó wà lórí Instagram, WhatsApp, káàdì àti àkáǹtì báńkì. Bí oníbàárà bá fẹ́ sanwó tó rí orúkọ mìíràn lórí àkáǹtì, ẹ̀rù á bà á, ẹ̀rù rẹ̀ sì tọ́. Ẹ fi orúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ lè fi í ṣí àkáǹtì. Láìsí ìyẹn, ó ṣòro kí ilé iṣẹ́ ńlá kankan ní Ṣágámù tó san owó fún yín, nítorí ìwé owó tó ní orúkọ iṣẹ́ àti nọ́ńbà owó orí ni wọ́n ń béèrè.

Lógò: àwọ̀ méjì, irú lẹ́tà kan, ó parí. Bí orúkọ yín bá ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀, ẹ rí i pé irú lẹ́tà tí ẹ yàn lè gbé wọn dáadáa. Àmì tí ẹ ń tẹ̀ sára fọ́tò gbọ́dọ̀ kéré, kó wà ní igun, kó má ṣe gba orí ojú ìyàwó kọjá. Fọ́tò tiyín tó wà lójú-ewé yín, ẹ jẹ́ kí ayàwòrán mìíràn yà á, kí ẹ sanwó fún un. Ẹ ó tún kọ́ bó ṣe rí láti wà níwájú lẹ́ǹsì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ibi tí wọ́n ti máa rí yín

WhatsApp ló ṣe pàtàkì jù ní àdúgbò wa. Ẹ lo WhatsApp Business, ọ̀fẹ́ ni. Ó ní ibi tí ẹ lè to iṣẹ́ yín sí pẹ̀lú fọ́tò àti iye, ó ní ìdáhùn tí ẹ lè kọ sílẹ̀ ṣáájú, ó sì lè bá yín dáhùn nígbà tí ẹ wà lóde ìnáwó. Ipò WhatsApp tí ẹ ń gbé sókè lójoojúmọ́ jẹ́ ojú ìta iṣẹ́ yín. Ẹni tí ìyá rẹ̀ fẹ́ ṣe ọgọ́rin ọdún ń wò ó. Ẹ mú àwàdà ìṣèlú àti ìjà bọ́ọ̀lù lọ sórí nọ́ńbà mìíràn.

Lórí Instagram, ẹ lè so fọ́tò mẹ́ta mọ́ òkè ojú-ewé. Ẹ jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ gbólóhùn tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kìíní. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, àkójọ fọ́tò ibẹ̀ ti kúrò ní igun mẹ́rin dọ́gba, ó ti gùn sókè, nítorí náà ẹ padà lọ wo àwọn ti àtijọ́, pàápàá àwọn tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí létí, bóyá ó ti gé wọn. Láti ìgbà tí ẹ bá ti ń yà á ni kí ẹ ti fi àyè sílẹ̀ lókè orí. Gèlè wa ga.

Google Business Profile náà ò gba owó. Ó ń gbé yín sórí àwòrán ilẹ̀, oníbàárà sì lè kọ ẹ̀rí síbẹ̀. Google lè ní kí ẹ ya fídíò ibi iṣẹ́ yín, pátákó àti irinṣẹ́ yín, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Èyí wúlò jù fún àwọn ọmọ wa tó wà ní òkè òkun, tí wọ́n ń wá ayàwòrán sí ìlú tí wọn ò tíì dé láti ọdún mélòó kan.

Ọjọ́ kẹta Iléyá, ìyẹn ọjọ́ Ojúde Ọba, gba ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2024, fọ́tò Farooq Oreagba, ọ̀kan lára àwọn tó gun ẹṣin níbẹ̀, lọ káàkiri ayé. Ẹ bi àwọn tó fi í ṣọwọ́ sí ara wọn pé ta ló yà á, ẹ ó rí i pé díẹ̀ ló mọ̀. Kí tiyín má bàa rí bẹ́ẹ̀, ẹ wọ inú kámẹ́rà yín lónìí, ẹ wá ibi tí a ti ń kọ orúkọ ẹni tó ni fọ́tò, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà yín síbẹ̀. Á máa tẹ̀lé gbogbo fọ́tò tí ẹ bá yà. Àwọn ìkànnì kan máa ń yọ ọ́ kúrò bí ẹ bá gbé fọ́tò síbẹ̀, nítorí náà ẹ tún kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò: orúkọ yín, orúkọ ẹgbẹ́ tó wà nínú rẹ̀, ìlú, ọdún. "Ẹgbẹ́ Bọ́bagúnwà, Ojúde Ọba, Ìjẹ̀bú-Òde" ni akọ̀wé ẹgbẹ́ máa wá lọ́dún tó ń bọ̀, kì í ṣe "vibes". Ọjọ́ yẹn, àwọn ayàwòrán láti Èkó á kún ìlú. Àǹfààní tí ẹ ní lórí wọn ni pé ẹ lè lọ kí olórí ẹgbẹ́ nílé rẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú, kí ẹ sì wà nílé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti padà lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìkíni àkọ́kọ́

Ẹnìkan kọ ọ́ ránṣẹ́ pé, "Ẹ káàsán, èló ni ẹ ń ya ìgbéyàwó?" Ẹ má fi iye owó nìkan dá a lóhùn. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó nìkan ló máa fi wọn yín mọ́ àwọn yòókù. Ẹ dáhùn báyìí:

"Ẹ káàsán mà. A bá yín yọ̀ fún ìnáwó tó ń bọ̀, Ọlọ́run á jẹ́ ká fi ayọ̀ ṣe é. Kí n lè sọ iye tó bá ohun tí ẹ fẹ́ mu, ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ wo ló bọ́ sí? Ìlú wo ni a ó ti ṣe é? Ṣé ìdána nìkan ni, àbí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nikáà wà níbẹ̀? Ṣé ẹ ó fẹ́ álúbọ́ọ̀mù? Aago mélòó ló rọ̀ yín lọ́rùn kí n pè?"

Bí ìsìnkú bá ni, ìkíni yẹn gbọ́dọ̀ yí padà: "Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere, ẹ̀yìn wọn á dára." Ìdáhùn tí ẹ kọ sílẹ̀ nínú WhatsApp Business kò mọ̀yàtọ̀ ayọ̀ àti ọ̀fọ̀. Ẹ ka ohun tí ẹni náà kọ tán kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gbàgbé àwòrán ẹni tó ń jó.

Ẹ wá wádìí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà. Nínú ìnáwó wa, ẹni tó pè yín lè jẹ́ ìyàwó, kí ẹni tó máa sanwó jẹ́ bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sì jẹ́ àǹtí kan ní Èkó. Ẹ lè béèrè láìṣe àrífín: "Ṣé ẹ̀yin àti ta ni ẹ jọ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí, kí n lè wá rí yín lápapọ̀?"

Nígbà tí ẹ bá lọ rí wọn, ẹ gbé ìwé lọ. Mo ń tẹnu mọ́ ọn: fọ́tò tí a fọ jáde, nínú álúbọ́ọ̀mù tó wúwo, tí àgbà lè gbé lé itan. Ojú fóònù kéré fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń dùn, ẹnikẹ́ni ló sì ní fóònù. Ẹ tètè dé, ẹ múra bí ẹni tó ń lọ sí iṣẹ́, ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ fún ẹni tó bá yẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ìwé náà fúnra wọn, kí ẹ dákẹ́. Wọn á dúró lórí fọ́tò kan, wọn á sọ pé, "Ẹ wo bí ìyá yìí ṣe ń wo ọmọ rẹ̀." Ibẹ̀ ni ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ọ̀rọ̀ owó kò gbọdọ̀ ti ẹnu yín jáde kí wọ́n tó pa ìwé náà dé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Iye owó àti ìwé àdéhùn

Ọmọ Aláre mọ owó ná, wọ́n sì mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà náan. Wọ́n máa dúnàá-dúrà. Kò yẹ kó bí yín nínú, ẹ ṣáà ti mọ ibi tí ẹ ò lè kọjá kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ ṣírò rẹ̀ tán: ọkọ̀, ọmọ iṣẹ́, epo jẹnẹrétọ̀, dátà, fífọ fọ́tò, ìwé álúbọ́ọ̀mù, ọjọ́ tí ẹ ó fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣírò kámẹ́rà pẹ̀lú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń gbàgbé. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí à ń lò, 100,000 sí 200,000 ìtẹ̀ ni àwọn tó ṣe é sọ pé ṣọ́tà inú rẹ̀, ohun tó ń ṣí tó sì ń pa dé nígbà tí a bá ya fọ́tò, lè gbà. Bí ẹ bá ń tẹ 2,000 nínú ìgbéyàwó kan, àádọ́ta sí ọgọ́rùn-ún ìgbéyàwó nìyẹn. Ẹ pín iye tí ẹ ra kámẹ́rà sí ọ̀nà àádọ́ta, kí ẹ wo ohun tí ìgbéyàwó kọ̀ọ̀kan jẹ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ìpele mẹ́ta, kí ẹ kọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan ṣoṣo tó mọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dín in, ẹ dín ohun tó wà nínú rẹ̀: "Mo gbọ́ yín mà. Tí a bá mú álúbọ́ọ̀mù kejì kúrò, owó á sọ̀kalẹ̀ dé ibí. Bí a ṣe máa ya fọ́tò ò ní yí padà." Bí ẹ bá kàn gé owó náà sí ààbọ̀ láìmú nǹkankan kúrò, ẹ ti jẹ́wọ́ fún wọn pé irọ́ ni iye àkọ́kọ́, wọ́n á sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá rán sí yín.

Ẹ gba owó àsansílẹ̀ tó tó ààbọ̀, ó kéré tán, kí ẹ tó fi ọjọ́ náà pamọ́ fún wọn. Kí ìyókù wọlé kí ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìnáwó, owó ti tán, gbèsè alásè ló ṣẹ́kù.

Ìwé àdéhùn kò nílò ju ojú-ewé kan lọ: ọjọ́, ibi, aago tí ẹ ó dé àti èyí tí ẹ ó kúrò, iye fọ́tò, ọjọ́ tí wọn yóò gbà á, owó tí a san, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ìnáwó bá sún síwájú, àti ẹni tí ẹ ó rán bí ara yín ò bá yá. Ẹ fi ìlà kan sí i nípa lílo fọ́tò. Òfin copyright Nàìjíríà ti 2022 sọ pé ayàwòrán ló ni ẹ̀tọ́ fọ́tò tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún un, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìdílé, ẹni tó gbé e fún yín lè ní kí ẹ má gbé e síta. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 sì tún wà, tó ń béèrè ìyọ̀ǹda òbí lórí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Nítorí náà, ẹ kọ ìbéèrè náà sínú ìwé kí wọ́n fi àmì sí i: ṣé a lè fi fọ́tò yín hàn lórí ìkànnì wa, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ti àwọn ọmọdé ńkọ́? Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, kí ẹ má sì gba owó kankan lórí ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ keje: Ọjọ́ iṣẹ́

Aṣọ dúdú tó mọ́, bàtà tí kì í pariwo, orúkọ yín kékeré ní àyà. Ọmọ iṣẹ́ yín náà gbọ́dọ̀ wọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kí alága ìdúró àti alága ìjókòó kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n máa dúró sí, wọn á bá yín dá eré dúró nígbà tó bá yẹ. Ẹ ní kí ẹbí kọ̀ọ̀kan yan ẹnìkan tó mọ gbogbo mọ̀lẹ́bí, òun ni yóò máa pe orúkọ fún fọ́tò ẹbí, àgbà ni kí ẹ sì kọ́kọ́ yà kí ẹsẹ̀ tó máa dùn wọ́n. Ẹ jẹun kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí fọ́tò ṣe ń dé ọwọ́ wọn

Kí ọjọ́ méjì tó pé, ẹ fi fọ́tò mẹ́wàá tí ẹ ti tún ṣe ránṣẹ́. Àsìkò yẹn ni wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa gbé sórí WhatsApp, bí tiyín ò bá sì tíì dé, fọ́tò fóònù ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n máa lò. Ìyókù, ọjọ́ tí ẹ kọ sínú ìwé ni kó dé. Bí ó bá fẹ́ pẹ́, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n.

WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ tó bá gbà á kọjá. Ẹ fi í ránṣẹ́ bíi "document", tàbí kí ẹ fi líǹkì ibi tí wọ́n ti lè gbà á sílẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Fọ́tò 8 sí 10 íńṣì tó fẹ́ jáde dáadáa nílò 2,400 sí 3,000 píkísẹ́lì. Èyí tí wọ́n gbà lórí WhatsApp lásán sábà máa ń kéré sí ìyẹn, bó bá sì jáde ní bàìbàì, orúkọ yín ni wọ́n máa dá.

Ẹ tọ́jú ẹ̀dà mẹ́ta: méjì lórí ohun ìpamọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀kẹta ní ibi tí kì í ṣe ilé kan náà. Ẹ sọ fún oníbàárà bí ó ṣe máa pẹ́ tó lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ á padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, pé ìyá àwọn ti lọ, ṣé fọ́tò ọjọ́ yẹn ṣì wà. Ẹni tó bá rí i gbà lọ́jọ́ yẹn kò ní pe ayàwòrán mìíràn mọ́ láéláé.

Álúbọ́ọ̀mù, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ fi sínú àpò tó ní orúkọ yín, kí ẹ fi fọ́tò kan tí wọn ò sanwó fún kún un: ìyá àgbà tó jókòó ní kọ̀rọ̀, tàbí bàbá tó ń nu ojú. Ẹ dúró kí wọ́n ṣí i. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sórí Google, ní Yorùbá tàbí èdè yòówù tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kí ẹ sì fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó gbàgbé.

Bí wọ́n bá ní ẹ̀sùn, pé ojú àwọn dúdú jù, pé ẹ ò ya àbúrò bàbá, ẹ má jà lórí WhatsApp. Ẹ pè wọ́n, tàbí kí ẹ lọ. Èyí tó ṣeé tún ṣe, ẹ tún un ṣe láìgbowó. Èyí tí kò ṣeé ṣe, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá ohun mìíràn fún wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kọ̀ọ̀kan, ẹ padà sídìí àwọn fọ́tò tí ẹ pàtẹ, ẹ yọ márùn-ún tó rẹ̀yìn jù, ẹ fi márùn-ún tuntun rọ́pò wọn. Bí ẹ ò bá rí márùn-ún tuntun tó dáa ju ti àtijọ́ lọ, ẹ padà sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà àdúgbò yín, ẹ gbé kámẹ́rà dání.